Adájọ́ Tó Kọjú sí Ògiri

Onígbàjámọ̀ ni. Orí àwọn ènìyàn ló ń fá jẹun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó lọ jìnnà, nítorí bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, tí ẹ jókòó sórí àga tó ń yí yẹn, ẹ ò tíì ní sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó gé irun yín tí yóò ti máa ṣàlàyé fún yín bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà ta gìtá. Kílípà á máa kùn létí ọ̀tún, òun náà á máa kùn létí òsì. Àìmọye ènìyàn ló ti jáde níbẹ̀ pẹ̀lú irun tí kò dọ́gba àti ìmọ̀ orin jáàsì tí wọn ò béèrè fún.

Adájọ́ la ń pè é. Yẹ̀yẹ́ la fi ń ṣe nígbà tí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbà á bí oyè.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ẹnu mi gbà á. Kò sí olùkọ́ kankan tó lè jáde síta pé òun ló kọ́ mi ní gìtá. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ ta mọ́ pákó tí mo fi ń kọ́ ara mi, títí di ọjọ́ tí gbogbo ẹyẹ tó wà lórí igi iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pa ẹnu mọ́ láti gbọ́ mi. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi.

Àwa arúgbó mẹ́ta la jọ ń ta gìtá lọ́sàn-án Sátidé, nínú ilé kọfí tó fara ti ṣọ́ọ̀bù Adájọ́. Télọ̀, tó ń rán kóòtù, ló kéré jù nínú wa. Ọmọdé la kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Káfíńtà ló dàgbà jù. Oṣù díẹ̀ péré ló fi jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Káfíńtà yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n Adájọ́, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹni kẹrin wa ni Onílù, tó máa ń jókòó sẹ́yìn wa, tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò yẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Gbogbo wa á kọ́kọ́ jọ ta orin náà lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn tó ń mu kọfí lè mọ ohun tí à ń ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀: òun nìkan á máa ta ohun tó bá wá sí i lọ́kàn, kò sí ìwé níwájú rẹ̀, kò sì ta á bẹ́ẹ̀ rí, àwọn yòókù á kàn máa rọra gbè é lẹ́yìn. Àdáta la máa ń pe ìyẹn láàárín ara wa. Ọjọ́ orí la fi ń tò ó. Télọ̀ á kọ́kọ́ dá ta, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Káfíńtà á wá kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. A kì í yí i padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Télọ̀ ní òun fẹ́ ṣe ìkẹyìn, a ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ọwọ́ wa, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Télọ̀ máa ń ta gìtá bó ṣe ń ránṣọ: ohùn kéékèèké tó sún mọ́ra, tó dọ́gba, yóò lọ títí dé etí aṣọ, yóò ṣẹ́rí padà. Kì í ṣì í. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn; ẹ óò gbọ́ àdáta rẹ̀ tán, ẹ ò ní rántí ibì kan tí ọkàn yín ti sọ kúlú. Ní tèmi, ibi tí ẹnikẹ́ni ò retí ni mo ti máa ń wọlé. Màá jẹ́ kí orin kọjá lọ díẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ń káàánú mi, màá fi ohùn mẹ́ta péré lé wọn bá, màá kọjá wọn, màá lọ dúró dè wọ́n níwájú. Mo ti fi irú rẹ̀ mú kí fáànù òkè àjà dúró rí. Wọ́n ní iná ló lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Káfíńtà ńkọ́? Okùn mẹ́rin, okùn márùn-ún ló máa ń gbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tirẹ̀ kì í dá rìn. Tẹbí tará ni wọ́n ń rìn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tọkọtaya. Á kó wọn wọlé, á kó wọn jáde, á máa tò wọ́n lé ara wọn bíi pákó títí odidi ilé á fi dúró níwájú yín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán, èmi alára, èmi yìí, mo máa ń fi etí kan gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adájọ́ náà ti fẹ́ ta gìtá rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ gìtá fún un, tó jókòó tì í láti kọ́ ọ. Ọwọ́ Adájọ́ kọ̀. Ìka tí wọ́n bá ní kó lọ sókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí wọ́n bá ní kó dúró, ó ti jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ tó bá ti gbé gìtá náà, àwọn ará ilé kejì á rán ènìyàn wá béèrè ẹni tó kú. Nígbà tó yá, ó gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi aṣọ ìnura kọ́ ọ lọ́rùn. Láti ìgbà náà ló ti di onídàájọ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbé e.

Ní Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù, á gbé àga wá, á gbé e sí iwájú pèpéle wa gan-an, á wá yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí wa, ojú rẹ̀ á kọ sí ògiri.

"Ojú ló ń tan etí," báyìí ló ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń mu kọfí. "Bí mo bá ń wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ ni màá gbọ́. Mi ò wá gbọ́ ọwọ́. Ẹ dì mí lójú, ẹ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kànga, màá sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni fún yín."

Wọ́n á máa mi orí. Ọkùnrin tó kọjú sí ògiri, tó dijú, tó na ìka kan sókè bíi pé ó ń wọn afẹ́fẹ́, ta ni kò ní gbà pé ó mọ nǹkan? Bí kì í bá ṣe pé a mọ̀ ọ́n, àwa náà ì bá bẹ̀rù rẹ̀.

Bí orin bá parí, á dìde, á gbọn ṣòkòtò, á dájọ́ láìyíjú. Télọ̀: "Ó rán an dáadáa." Èmi: "Èémí wà níbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀." Ìyẹn kò burú, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá wá kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á mí kanlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ jù." Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Káfíńtà bá fi ìka kan tọ́ okùn kan lẹ́ẹ̀kan, tó gbé gìtá, tó lọ sílé, ó pọ̀ jù.

Káfíńtà á kàn rẹ́rìn-ín. A rò pé kò dùn ún.

Báyìí la wà tí Màdáámù, obìnrin tó ni ilé kọfí náà, fi ra fíríìjì onígíláàsì kan tó ga ju èèyàn lọ. Kò ríbi gbé e sí àfi orí pèpéle wa. Ó pè wá jọ.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wo ibi tó kù. Àga gìtá méjì ló lè gbà. Mi ò lè fẹnu ara mi sọ pé kí ẹnì kan máa lọ nínú yín, mi ò sì gbọ́ jáàsì. Ẹ jẹ́ kí Adájọ́ fetí sí yín ní Sátidé tó ń bọ̀, kó sọ ẹni méjì tó máa kù."

Mo ti rí ọkọ ìyàwó tí inú rẹ̀ kò dùn tó ti Adájọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣebí ó yẹ kó ní, "Màdáámù, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá ẹlòmíì"? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Bàtà tuntun ló lọ rà.

"Kí la tún fẹ́ gbọ́ ní Sátidé?" Télọ̀ bi mí nígbà tí a jáde. "Káfíńtà ti lọ nìyẹn. Ìdájọ́ náà ti wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn tipẹ́tipẹ́, àkókò tó máa tu ú jáde ló kù."

Láàárín ọ̀sẹ̀, mo yà sí ilé iṣẹ́ Káfíńtà. Ó jókòó sórí pákó láàárín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ igi tó fá sílẹ̀, ó gbé gìtá lé itan. Ó ta ohùn kan, ó dúró. Ó tún ta ohùn kan, ó dúró. Ẹ óò rò pé owó orí ni wọ́n ń gbà lórí okùn.

"Káfíńtà, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń yọ ọ́."

"Kí lò ń yọ?"

"Èyí tó pọ̀ jù." Kò gbójú sókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọ ọ́. Bí ìṣó ni. Bí mo bá yọ ọ̀kan, màá ní bóyá ó ti tó, bóyá lọ́tẹ̀ yìí á gbọ́ ọ. Á tún ní ó pọ̀ jù. Màá wálé, màá tún yọ òmíì."

"Nítorí ẹnu onígbàjámọ̀?"

"Nítorí ẹnu àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn mí, ọ̀rẹ́ mi ni yín, kí lẹ fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀? Òun ni kì í tàn mí." Ó nu ojú gìtá náà pẹ̀lú apá aṣọ. "Bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé, tí mo ti yọ ọ́ débi tí mo yọ ọ́ dé yìí, á jẹ́ pé kò sí nínú mi látilẹ̀. Màá gbé gìtá sílẹ̀. Kì í ṣe ti ilé kọfí nìkan. Nílé náà."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ohun tí mo bá wá. Kí ọkùnrin tó lè fi okùn kọ́ ilé alájà wá máa fi kọ́ àtíbàbà, nítorí ẹni tí ò lè gé irun ọmọ rẹ̀ kó dọ́gba!

Sátidé dé. Ilé kọfí kún. Mo lè sọ pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá sì bá mi jiyàn, àga ogún ló wà níbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ bó ṣe wù yín. Fíríìjì ti dúró lápá ọ̀tún pèpéle bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ra, orúnkún mi wà níhà Télọ̀, èjìká Káfíńtà kan gíláàsì. Adájọ́ gbé àga sílẹ̀, ó yí i padà, ó dijú, ó na ìka sókè. Bàtà tuntun náà ń dún bó ṣe ń mi ẹsẹ̀.

Orin tó yá la mú. A jọ ta á lẹ́ẹ̀kan, Télọ̀ gbà á, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀, ó já òwú. Mo gbà á. Mi ò fẹ́ yin ara mi, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú tí màá ti yin ara mi. Mo ta á dáadáa.

Bí mo ṣe ń ta lọ́wọ́ ni Màdáámù gba ẹ̀yìn wa wọlé. Ohun mímu inú fíríìjì kò tutù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé wọn ò tíì ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná, ó fa wáyà kan tó wà níbẹ̀ yọ, ó ki ti fíríìjì bọ̀ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wáyà tó fà yọ yẹn ló ń gbé iná lọ sínú àpótí tí ohùn gìtá Káfíńtà ń gbà jáde.

Mo parí tèmi, mo mi orí sí i pé ó ti kàn án. Ó gbá okùn. Kò sí nǹkan kan. Bí ìgbà tí eku ń họ ìwé. Ó tún gbá a. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò, kó tó wo wáyà. Èyí dùn mí títí di òní. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí, ó ń tọ okùn iná kiri.

Orin ti ń lọ. Láàárín àwa tí a ń ta gìtá, bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa gbé ẹrù rẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ má bàa mọ̀. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbà á padà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àdáta tí mo ta lẹ́ẹ̀kejì yẹn, kò tíì sí irú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń ta okùn mọ́ igi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, mo rí i, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì rìn gba inú gbogbo yàrá. Màmá àgbàlagbà kan lẹ́bàá fèrèsé gbé ife dé ẹnu, ó gbàgbé láti mu ún. Onílù kígbe. Bí mo ṣe dákẹ́, àtẹ́wọ́ sọ.

Adájọ́ dìde. Ó gbọn ṣòkòtò.

"Télọ̀," ó sọ fún ògiri, "ó rán an dáadáa. Àyè rẹ wà."

"Ó ṣeun," ni Télọ̀ wí.

"Ọ̀gá Oníkẹ̀kẹ́, èémí wà níbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ohùn yín mọ ibi tó ń lọ. Àyè tiyín náà wà." Ó wá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, àmọ́ orin ò mọ ẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ò yí padà. Ọwọ́ yín le. Kò sí èémí kankan níbẹ̀. Ó pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Ó pọ̀ jù gan-an ni."

Ẹ̀rín Onílù ló kọ́kọ́ bú jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ilé kọfí.

"Adájọ́," ni Télọ̀ wí, ó ń nu ojú, "jọ̀ọ́, yíjú síbí."

Ó yíjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, eruku wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Gìtá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí àga.

"Kò ta ohùn kan," Télọ̀ ní. "Iná ò sí níbẹ̀."

Ẹ ò rí bí ẹnu ṣe máa ń wá ibi gbà. "Mo mọ̀," ni Adájọ́ wí. "Mò ń dán yín wò ni."

"Èmi ni mo ta ẹ̀kẹta!" Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Èmi tí èémí wà nínú tèmi! Gìtá kan náà, ọwọ́ kan náà, orin kan náà! Níbo ni èémí náà gbà lọ, ìwọ ọkùnrin yìí? Ṣé mo kú láàárín méjèèjì ni?"

"Ẹ ta á bíi tiwọn ni, bàbá. Ẹ ń sín wọn jẹ."

"Èmi? Sín ènìyàn jẹ?"

"Àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tiwọn gan-an," ó tún yí i, òógùn ti ń bọ́ sí i lọ́rùn, "bí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ jù."

Ẹ̀rín tún sọ. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé kó lọ gé irun fíríìjì. Káfíńtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbọn eruku.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé o ti gbọ́ mi rí?"

Adájọ́ la ẹnu. Ó wo ògiri bíi pé ògiri lè bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹni kẹta ni mo máa ń sọ pé ó pọ̀ jù fún. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ṣe ìkẹyìn."

Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó gùn, tó mì í láti ìsàlẹ̀, tó fi di fíríìjì mú kó má bàa ṣubú. "Mo yọ ọ́," ó ń sọ, "mo ń yọ ọ́ ṣá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ gìtá kúrò lára okùn!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà fíríìjì yọ, ó ki tirẹ̀ padà. Ó jókòó. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

Gbogbo ohun tó yọ ló dá padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó kó wọn wọlé ní mẹ́rin-mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún, ó fi orúnkún kan gbá mi kí n lè sún fún un, ó kọ́ ilé, ó kọ́ àjà kejì lé e, ó gbé òrùlé lé e. Nígbà tó parí, mo sọ pé kò burú. Láti ẹnu mi, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Màdáámù ló rán wa létí ohun tó kó wa jọ. "Ẹ̀yin bàbá, mo gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n àga méjì náà ni ibí yìí ṣì gbà."

Káfíńtà fi ìka kan pèpéle lórí, ó wo etí rẹ̀ síwájú. "Pákó mẹ́ta," ó ní, "àti igi ìtìlẹ́yìn méjì. Màá fẹ̀ ẹ́ síwájú. Tó bá di Mọ́ńdè, ó ti parí."

"Ẹ gbà mí o! Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò bi mí. Ìdájọ́ lẹ ní kí n wá gbọ́."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa tí a dàgbà tó báyìí, pèpéle pákó kéré fún wa, káfíńtà wà láàárín wa, adájọ́ la lọ pè.

Ibi tó fẹ̀ ẹ́ dé ni ibi tí àga Adájọ́ máa ń wà. Nítorí náà, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ló dúró sí, ojú rẹ̀ kọ sí wa, kò ríbi kọ ọ́ sí mọ́. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mu ohun tútù ló ń sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ó ń sún. Télọ̀ dá ta, èmi náà dá ta, ó kàn ń wò. Nígbà tó kan Káfíńtà, ó ti tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibi tí olè máa gbà wọlé.

Káfíńtà tò ó, ó tò ó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òrùlé. Ọkùnrin yẹn ò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n!" ó kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. "Ó pọ̀ jù!"

"Ó ṣì kù!" ni Káfíńtà dá a lóhùn. Kò gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, ó tún wọ inú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ta á títí kọfí gbogbo wa fi tutù.